Àlejò Oṣù Kejìlá ní Ẹ̀yìnkùlé



Ní oṣù yìí, àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ ni ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ bá ọkọ yín lọ sí Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Georgia, ní Louisiana, ní Texas àti ní àyíká wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe ṣí ojú-ìwé yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ lọ́hùn-ún tí ẹ lè ka ọ̀rọ̀ náà sí létí lórí fóònù.

Ìwé kan tí ìyàwó kan kọ sí mi láti Georgia ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, bí òun ti ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná, òun rí ẹyẹ kan lójú fèrèsé, ní ìdí ìgò omi ṣúgà tí òun ti gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà ooru. Àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti àwọn tí òun ń rí tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní oyin ni. Aládùúgbò rẹ̀, obìnrin Òyìnbó kan tí ó ti dàgbà, sọ fún un pé kí ó yára gbé ìgò náà kúrò, pé ìgò yẹn ni ó dá ẹyẹ náà dúró tí kò fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé bí ó bá kú sínú òtútù, ọrùn ìyàwó yìí ni ọ̀ràn rẹ̀ yóò wà. Ìyàwó náà kò lè sùn. Ó bi mí léèrè pé, ‘Ṣé òótọ́ ni, Mà? Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa á?’

Ọmọ mi, kì í ṣe òótọ́. Fi ọkàn rẹ balẹ̀. Má ṣe gbé ìgò náà kúrò, ṣùgbọ́n fọ̀ ọ́ lónìí olónìí (ìgò tí a gbàgbé láti ìgbà ooru! N óò padà sí èyí). Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé fún gbogbo yín, nítorí pé ohun tí ìyàwó yìí rí kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹyẹ tí à ń wí yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní hummingbird, nítorí pé bí ó bá ń fò, ìyẹ́ rẹ̀ a máa kùn bí oyin. N óò máa pè é ní akùn-bí-oyin nínú ọ̀rọ̀ wa. Àwọn ará Brazil ní orúkọ tí ó dùn fún un, beija-flor, èyí tí ó túmọ̀ sí afẹnuko-òdòdó-lẹ́nu. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ nígbà òwò ẹrú, ni èyí tí ó kéré jù lọ nínú gbogbo ẹyẹ ayé wà. Akọ rẹ̀ kò wúwo tó gíráàmù 2. Ẹ̀yà akùn-bí-oyin ju 300 lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù, pẹ̀lú àwọn erékùṣù tí ó wà nítòsí wọn, nìkan ni gbogbo wọn ń gbé. Kò sí ọ̀kan ní Áfíríkà. Ẹyẹ kékeré tí ẹ ń rí lórí òdòdó nílé, tí ara rẹ̀ ń dán, tí àgógó rẹ̀ sì tẹ̀ bí dòjé, ìdílé mìíràn ni. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ó sábà máa ń bà lé ẹ̀ka kí ó tó mu omi òdòdó. Akùn-bí-oyin ní tirẹ̀ ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ ni, tí yóò máa lu ìyẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè fò sẹ́yìn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá rí ohun tí ó jọ ọ́ lórí òdòdó ní ọjọ́ tí oòrùn mú, tí ó ní ìwo méjì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, kòkòrò ni, irú labalábá kan tí ń fò bí ẹyẹ. Kò sí akùn-bí-oyin nínú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, ọkọ ìyàwó wa kò jìnnà púpọ̀ sí ohun tí ojú lè ṣì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, nínú òtútù, níbi ìgò, oyin kò ní jáde.

Ní gbogbo apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó ń yé ẹyin tí ó sì ń pamọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ruby-throated. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọlọ́fun-pupa. Òun ni gbogbo ènìyàn ń fi omi ṣúgà dúró dè. Yóò dé sí Georgia ní oṣù Kẹta, yóò bímọ, yóò sì lọ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè kékeré tí ó wà ní gúúsù rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń lo ìgbà òtútù, àwọn púpọ̀ sì ń fò kọjá òkun tí ó wà láàárín láìsinmi, ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3! Ohun tí ó ń lé wọn lọ ni bí ọ̀sán ti ń kúrú sí i, àti ìṣesí ara wọn fúnra rẹ̀. Wọn a sanra, wọn a sì lọ, kódà bí ìgò bá kún dé ẹnu. Kò sí ìgò tí ó lè dá wọn dúró.

Bí ẹ bá wá rí akùn-bí-oyin ní àgbègbè wọ̀nyí lẹ́yìn àárín oṣù Kọkànlá, ẹ dúró, ẹ wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọlọ́fun-pupa, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn a máa dúró ní etí òkun ní ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó jẹ́ ẹ̀yà mìíràn tí ó wá láti apá ìwọ̀-oòrùn, láti ọ̀nà jíjìn réré. Kì í ṣe ẹyẹ tí ó kọ̀ láti lọ ni; ẹyẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Èyí tí ó sábà máa ń wá ni Rufous. Ilé rẹ̀ wà láti àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà títí dé gúúsù Alaska, níbi tí òtútù ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti inú ìtẹ́. Mẹ́síkò ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lọ ní ìgbà òtútù. Àwọn díẹ̀ wà tí ọ̀nà tiwọn já sí Louisiana, Alabama, Georgia àti Florida. Nígbà kan rí, ohun tí àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹyẹ máa ń sọ ni pé ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ti sọnù, pé yóò kú. Ohun tí aládùúgbò ìyàwó wa gbọ́ nígbà èwe rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi.

Ta ni ó wá fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi nìyí. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ náà kò ti inú igbó wá. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni ó ti wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí ó wo ojú fèrèsé, tí wọ́n fi ìgò sílẹ̀ nígbà tí a ní kí wọ́n gbé e kúrò, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1979, obìnrin kan, Nancy Newfield, tí ń gbé ní Metairie nítòsí New Orleans, bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka tíntìnrín sí ẹsẹ̀ àwọn akùn-bí-oyin tí ó wá sí àgbàlá ní ìgbà òtútù. Nọ́ńbà wà lára òrùka kọ̀ọ̀kan. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti àwọn mìíràn tí ó tẹ̀lé e ni a ti mọ̀ pé ẹyẹ tí ó lo ìgbà òtútù nínú àgbàlá kan a máa padà sí àgbàlá náà gan-an lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Èyí tí ó ti kú kò lè padà wá. Ẹyẹ tí ó padà wá mọ ọ̀nà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, wọ́n fi òrùka sí ẹsẹ̀ Rufous kan ní Tallahassee ní Florida. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ẹlòmíràn tún mú un ní Chenega Bay ní Alaska, ó ka nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bá ti Tallahassee mu. Láti ibi kìíní dé ibi kejì ju 3,500 máìlì lọ. Ẹ rò ó wò, ẹyẹ tí kò wúwo tó owó penny méjì! Bí ẹni tí ó ni àgbàlá tí wọ́n ti mú un ní Florida bá ti gbé ìgò rẹ̀ kúrò nítorí ọ̀rọ̀ aládùúgbò, a kì bá tí mọ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń dá a mọ̀. Ẹni tí kò mọ ọmọ ilé kò lè mọ àlejò, nítorí náà ọlọ́fun-pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ní ìgbà ooru. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ń dán. Ikùn rẹ̀ funfun tàbí kí ó rí bí eérú. Ọ̀fun akọ pupa fòò, ṣùgbọ́n bí oòrùn kò bá tàn sí i tààrà, dúdú ni ẹ ó rí i. Kì í ṣe aró ni ó wà nínú ìyẹ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣeré lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí oríṣiríṣi àwọ̀ lára ìfófòó ọṣẹ nígbà tí ẹ bá ń fọ aṣọ. Èyí ni ó fi ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ọ̀fun nìkan láé. Abo ní ọ̀fun funfun, etí ìrù rẹ̀ sì funfun tónítóní.

Rufous yàtọ̀. Akọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà kò ṣòro: ẹ̀yìn rẹ̀, ìhà rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ pupa bí bàbà, ọ̀fun rẹ̀ sì ń tàn bí ẹyín iná. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pe ọkọ yín wá kí ó wá wo oyin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n abo àti ọmọ ọdún kan ni ó sábà máa ń wá, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn tiwọn náà ní àwọ̀ ewé. Ẹ wo ìhà wọn, lábẹ́ apá: àwọ̀ bàbà yóò wà níbẹ̀, bí ẹni pé a fi ìka tí ó kan osùn rà á. Ẹ wo ọ̀fun: àwọn àmì wínníwínní yóò wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú kíkàn pupa kan ní àárín. Ìrù ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ dúró títí ẹyẹ náà yóò fi na ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, èyí tí ó máa ń ṣe bí ó bá fẹ́ yí padà nínú afẹ́fẹ́ tàbí bí ó bá ń bá ẹyẹ mìíràn jà. Ní ìdí ìrù Rufous, àwọ̀ bàbà ni. Dúdú tẹ̀lé e. Funfun ni ó wà ní ṣóńṣó. Ìdí ìrù ọlọ́fun-pupa kò ní àwọ̀ bàbà. Rufous sì jẹ́ oníjà. Bí ìgò mẹ́ta bá wà, yóò fẹ́ jẹ gàba lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yà kan tún wà tí ń jẹ́ Allen's, tí ilé rẹ̀ wà ní etí òkun California àti Oregon. Òun àti Rufous jọra bí ìbejì. Abo wọn àti àwọn ọmọ wọn, kò sí ojú tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ojú fèrèsé. A ní láti di ẹyẹ náà mú kí a fi ìwọ̀n wọn ìbú ìyẹ́ ìrù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí èyí tí ẹ rí bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ‘Rufous tàbí Allen's.’ Àwọn tí wọ́n fi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹyẹ fúnra wọn ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Black-chinned náà a máa wá. Abo rẹ̀ kò ní àwọ̀ bàbà rárá, ó sì jọ abo ọlọ́fun-pupa, ṣùgbọ́n bí ó bá ń mu omi, ìrù rẹ̀ kì í sinmi, yóò máa gbé e sókè sódò. Àwọn mìíràn wà tí n kò ní ká tán.

Nǹkan kan wà tí ó ti dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹyẹ yìí bá ti inú òdòdó jáde, àtíkè òdòdó lè lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀ tàbí ọ̀fun rẹ̀, kí ó di aláwọ̀ yẹ́lò tàbí funfun. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò ṣí ìwé, yóò sì rò pé òun ti rí ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí àwọ̀ náà bá ti lọ, àtíkè ni.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé tàbí kí ẹ tó wo fóònù. Bí ènìyàn bá ti wo àwòrán tán, ojú rẹ̀ yóò máa rí ohun tí ó wà nínú àwòrán. Ẹ mú bébà kan, kódà ẹ̀yìn ìwé ọjà, kí ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí oòrùn wà, bí ẹyẹ náà ti tóbi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, àwọ̀ ẹ̀yìn, ti ìhà, ti ọ̀fun, ti ìrù. Ohun tí ẹ kò rí, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí i. ‘N kò rí ìrù rẹ̀ dáadáa’ jẹ́ ẹ̀rí rere. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ gba ìyókù ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ti lè di pẹ́ńsùlù mú, ẹ jẹ́ kí òun náà ya ohun tí ó rí. Mo ti rí i pé àwọn ọmọ kì í sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ya fọ́tò. Kámẹ́rà fóònù tó, láti inú gíláàsì fèrèsé tí ẹ ti nù mọ́. Ẹ má ṣe wá fọ́tò tí ó lẹ́wà. Ẹ ya púpọ̀, láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́, àti nígbà tí ó bá na ìrù. Fọ́tò ìrù tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ wúlò ju ti ojú tí ń dán lọ.

Ibo ni a óò mú ẹ̀rí náà lọ? Yunifásítì Cornell ní ibi ìkọ̀rọ̀sílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ eBird, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ẹyẹ tí ó rí sílẹ̀ láìsan owó, tí àwọn tí ó mọ̀ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá jẹ́ ohun tí kò wọ́pọ̀. Ní Georgia, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó àwọn ohun abẹ̀mí inú igbó ń rọ àwọn ará ilé pé kí wọ́n fi ó kéré tán ìgò kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹ tún ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn awẹyẹ ní ìpínlẹ̀ yín, wọ́n mọ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ láti fi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ẹni náà yóò wá ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àgò kékeré kan tí yóò gbé yí ìgò ká. Nígbà tí ẹyẹ bá wọlé, yóò mú un, yóò wọ̀n ọ́n, yóò wo ìrù rẹ̀, yóò fi òrùka sí i, yóò sì tú u sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ mú un. Láti ọdún 1918 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà tí ó dáàbò bo àwọn ẹyẹ aṣíkiri. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dẹ wọ́n, kí ó sìn wọ́n, tàbí kí ó kó ẹyin wọn láìgba àṣẹ. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín ọkùnrin kí wọ́n tó mú rọ́bà ìtafà jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè jẹ́ ìbáwí lásán nílé lè di ẹjọ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀ kò sì fẹ́ ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ àlejò tún mú mi dé ibì kan tí ó yẹ kí ẹ̀yin ìyàwó ọ̀dọ́ ronú sí. Bí ìròyìn ẹyẹ tí kò wọ́pọ̀ bá tàn ká, àwọn awẹyẹ yóò fẹ́ wá. Ní ọdún 2007, irú kan tí ń jẹ́ Green-breasted Mango, tí ilé rẹ̀ wà láti Mẹ́síkò lọ sí gúúsù, yọ sí ìgò kan nínú àgbàlá ní Beloit ní Wisconsin, ní àríwá níbi tí òtútù ti ń pa igi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ lọ wò ó. Àwọn wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ọmọlúàbí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ni ilé. Ìyàwó tí ó dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ jí ní òwúrọ̀ kí ó bá ọkùnrin mẹ́fà tí kò mọ̀ rí ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n kọjú awò sí fèrèsé ìdáná rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ jọ fẹnu kò kí ẹ tó jẹ́ kí àdírẹ́sì yín jáde. Ẹ lè sọ orúkọ àdúgbò nìkan. Ẹ lè yan ọjọ́ kan àti wákàtí méjì, ẹ sì lè kọ̀ pátápátá. Kíkọ̀ yín kò sọ ẹ̀rí yín di irọ́.

Ẹyẹ Beloit náà, bí òtútù ti ń le sí i, wọ́n mú un ní oṣù Kọkànlá, ó sì lọ ń gbé ní ọgbà ẹranko Brookfield nítòsí Chicago. Àwọn kan sọ pé kò yẹ, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó lọ bí ó ti wá. Ní tèmi, mo rò pé ẹyẹ ilẹ̀ olóoru tí òtútù Wisconsin bá mú kò ní ọ̀nà mìíràn. Rufous kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ gba òtútù, ohun tí ó fẹ́ lọ́wọ́ yín kò ju oúnjẹ tí ó mọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí ìgò tí a gbàgbé. Ife ṣúgà funfun kan sí ife omi mẹ́rin, èyí ni òdiwọ̀n. Ẹ gbé omi náà kaná kí ṣúgà yọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ẹ má ṣe lo oyin. Kì í pẹ́ kan, a sì máa hu funfun. Ẹ má ṣe lo ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀, tàbí adùn oníkẹ́míkà tí àwọn tí kò fẹ́ sanra ń lò, nítorí kò sí agbára nínú èyí fún ẹyẹ. Ẹ má sì ṣe pò ó mọ́ aró pupa kankan. Ìgò tí ó ní pupa lára ti tó láti pè é. Ní ìgbà ooru, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ó lè pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dà bí omi ògì, ẹ dà á nù. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ ìgò, kí ẹ sì wo inú àwọn ihò rẹ̀ bóyá nǹkan dúdú wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò ní fi fún ọmọ yín mu, ẹ má ṣe fún ẹyẹ.

Ní òru tí omi yóò bá dì, ẹ gbé ìgò wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹ sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Abiyamọ tí ń jí fún ọmọ lọ́mú ní aago márùn-ún kò ní rí èyí bí ìyọnu. Àkókò yẹn gan-an ni ebi ń pa ẹyẹ náà jù. Ní òru tútù, a máa wọ inú oorun kan tí ó jìn: ara rẹ̀ a tutù, ọkàn rẹ̀ a máa lù díẹ̀díẹ̀, kí ohun tí ó jẹ má bàa tán kí ojúmọ́ tó mọ́. Bí ẹ bá rí i ní àárọ̀ kùtùkùtù tí ó dúró gbọnin lórí ẹ̀ka bí òkú, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Yóò jí fúnra rẹ̀.

Ẹ fi ìgò náà sí ibi tí ológbò kò lè fò dé. Ẹ jẹ́ kí ó sún mọ́ fèrèsé gan-an, kí ó má ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, tàbí kí ó jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n lọ, nítorí pé ẹyẹ tí ó bá fò láti àárín a máa fi eré sísá gbá gíláàsì. Ẹ má sì ṣe fín oògùn kòkòrò sí àgbàlá: ṣúgà nìkan kò lè bọ́ ọ, kòkòrò tíntìntín ni ẹran àti ẹ̀wà tirẹ̀.

Fún ìyàwó Georgia: láti inú ohun tí o kọ, pé ìhà rẹ̀ pupa bí bàbà àti pé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, mo gbà pé Rufous tàbí Allen's ni. O kò sọ̀rọ̀ nípa ìrù. Wò ó fún mi. Kí o sì pe aládùúgbò rẹ wá síbi fèrèsé náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ jọ mu tíì, kí òun náà rí i pé ẹyẹ náà kò kú. Ní oṣù Kẹta tàbí kí ó tó di ìgbà náà, ìwọ yóò jí ní ọjọ́ kan, ẹyẹ náà yóò sì ti lọ. Kọ ọjọ́ tí o rí i kẹ́yìn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rí i, nítorí pé ọjọ́ méjèèjì ni wọn yóò bi ọ́ léèrè. Má ṣe sọ ìgò kalẹ̀. Àwọn ọlọ́fun-pupa yóò ti máa bọ̀ lọ́nà.